Ìyá Àgbà Wà Níta

"Ẹ má purọ́ fún mi, Bọ̀dá! Ẹ ò fi nǹkan kan ránṣẹ́!"

"Ta lo ń pè ní òpùrọ́? Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fun imú?"

"Imú tí ẹ kọ́ mi láti fun náà ni mo fi ń gbóòórùn irọ́ yín láti ìhín."

Ohùn Bọ̀dá mi bú jáde nínú fóònù tí mo gbé sáàárín àwọn irin ìgbẹ́gi mi. Bí ó bá ti pariwo, fóònù á gbọ̀n, á rìn díẹ̀ lórí tábìlì, á máa ti èérún igi síwájú bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kí a tó lọ jìnnà: bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é, nítorí ó jù mí lọ. Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń di èébú mi, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ di ìkòkò gbígbóná mú.

"Mo fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí! Mo fi ránṣẹ́ lánàá! Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti lọ."

"Ó ti lọ ló wí. Ṣé ó ní ó ti dé? Ìgbà wo ni lílọ di dídé?"

"Kí lo wá rí níbẹ̀?"

"Ìkíni! Ìkíni ni mo rí, Bọ̀dá. 'Àbúrò mi àtàtà, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o jí ire? Ṣé Màmá sùn dáadáa? Báwo ni orúnkún tó ń dùn ẹ́? Ṣé òjò ti dá lọ́dọ̀ yín? Àwòrán Ìyá Àgbà nìyí.' Níbo ni 'nìyí' náà wà? Mo wo ìsàlẹ̀, òfìfo. Mo da kọ̀ǹpútà dojú bolẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, eruku igi ló jáde."

"Ìwọ tí o ń gbẹ́ igi, orí ẹ náà ti ń di igi."

"Igi ń hu ewé, Bọ̀dá. Kí ni orí tiyín ń hu?"

Màmá wa rẹ́rìn-ín nínú àga wọn. Bọ̀dá ti pá kí ó tó gbéyàwó.

Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, bí wọ́n ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, oòrùn dà sí wọn lẹ́sẹ̀ bí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Wọn kò rí oòrùn náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú wọn. Nígbà tí kò sí ojú mọ́ tí yóò gbà, ó kọjú sí ọwọ́. Àwọn ìka ń sùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Màmá bá jí, wọ́n á fi ọwọ́ kan apá àga, wọ́n á tẹ́tí bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, "Èyí náà ti sùn. Kò dá mi lóhùn mọ́." Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni ń sunkún. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ìyá tó ń yẹ àwọn ọmọ rẹ̀ wò lórí ẹní. Ọwọ́ òsì ti sùn tán. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ku àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè lọ́wọ́ wa.

"Kí àwọn tó kù yìí tó sùn," ni wọ́n wí, "mo fẹ́ fi wọ́n kan ojú ìyá mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ lo mọ igi í gbẹ́. Gbẹ́ ìyá mi fún mi."

Agbẹ́gilére ni mí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Igi ni ọ̀gá mi, ọ̀bẹ ni pàṣán rẹ̀, àpá sì wà lọ́wọ́ mi fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí. Kò sí ojú tí mi ò lè gbẹ́ bí mo bá ti rí i. Ìyá Àgbà ni mi ò rí rí. Wọ́n ti kú kí wọ́n tó bí mi. Àwòrán kan ṣoṣo ló kù, ọwọ́ Bọ̀dá ló sì wà, nítorí òun ni àkọ́bí, àkọ́bí a sì máa jogún ohun tí kò mọ̀ ọ́n lò. Bébà náà ti gbó. Ó ní bí òun bá fi í rìnrìn àjò, yóò rún bí ewé gbígbẹ, mo sì gbà á gbọ́, nítorí ìlú tí ó wà jìnnà sí tiwa débi pé bí oòrùn bá ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá oúnjẹ ọ̀sán ni. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni ó ń ṣe níbẹ̀. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ ju kí ó dún kí ó sì tànmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gbé àwòrán wá fún wa, nínú lẹ́tà orí ẹ̀rọ.

Kò sì gbé e dé.

Mo ti gbẹ́ orí náà sílẹ̀. Igi funfun ni mo lò, tó rọ̀, tó ń rùn bí wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Mo ti yọ ọrùn, mo ti yọ etí, mo ti wé gèlè sí i. Ojú nìkan ló ṣófo. Nígbà míràn Màmá á ní kí n gbé e fún wọn, wọ́n á gbé àtàńpàkò lé ibi tó yẹ kí imú wà, wọ́n á dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Ó ń wò mí," wọ́n á ní. "Kò tíì lójú, ó ń wò mí."

Ẹ wo gbogbo ohun tí a ti ṣe. Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé àwòrán náà ló tóbi jù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni Bọ̀dá fi yà á, ẹ̀rọ tó ń rí koríko lẹ́yìn koríko. Lẹ́tà kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní ìwọ̀n ohun tí a lè so mọ́ ọn lẹ́yìn tí kò ní jókòó sójú ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ẹ dín in kù," ni mo wí.

"Kí n dín kí ni kù?"

"Àwòrán. Ẹ dín in kù kí ó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé."

"Ìyá tó bí ìyá mi lo ní kí n dín kù?"

"Mi ò ní kí ẹ dín ọjọ́ orí wọn kù! Ìwọ̀n àwòrán ni!"

"Ìwọ lo máa ń sọ ènìyàn di ọmọláńgidi. Wọn ò kọ́ èmi bẹ́ẹ̀."

A lo odidi ọjọ́ kan lórí ìyẹn. Nígbà tó yá ó gbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ kedere nínú fóònù tí ó ń bẹ bébà: "Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ọmọ yìí ló ní kí n ṣe é. Òun ni kí ẹ bi, kì í ṣe èmi." Ó tẹ ohun tó tẹ̀. Lẹ́tà dé. Mo ṣí i kíá. "Àbúrò mi àtàtà, o kú iṣẹ́ o." Òfìfo.

Mo ní àbí àdírẹ́sì tèmi ni ó kọ ṣì. Ó ní, "Bí àdírẹ́sì bá ṣì, ṣé ìkíni ì bá dé?" Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́nu mọ́, kò sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bọ̀dá tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá àpótí lẹ́tà mi ló kún. Mo pa lẹ́tà àtijọ́ rẹ́, mo pa ti àwọn oníbàárà rẹ́, mo pa ti ọkọ tí mo ti kọ̀ sílẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Àyè gbà. Ìkíni tún dé, ó jókòó sínú àyè náà fẹ̀ǹfẹ̀. Àwòrán kò dé.

"O ti wo ààtàn?" ni Bọ̀dá bi mí.

Ààtàn ni a ń pe ibi tí ẹ̀rọ ń da lẹ́tà àwọn ẹni tí kò fọkàn tán sí: oníjìbìtì, olóògùn irun, àwọn tó ń sọ fún ọ pé o jẹ ẹ̀bùn nínú tẹ́tẹ́ tí o ò bá wọn ta.

"Kí ni màá lọ wò níbẹ̀? Lẹ́tà yín ń wọ pálọ̀, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń bi mí nípa orúnkún mi. Ẹni tó wà ní pálọ̀, ṣé ẹ̀yìnkùlé ni màá lọ wá a sí?"

Ibẹ̀ náà la fi í sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé orí ara mi lé tábìlì iṣẹ́, oorun sì gbé mi. Mo rí ọ̀nà kan tó gùn, tó ń lọ́ bí ìlà inú igi. Obìnrin kan ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà náà tòun ti gèlè. Kò lójú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwòrán ara rẹ̀ mú síwájú àyà, ó dojú rẹ̀ kọ ara rẹ̀ kí eruku má bàa bà á jẹ́. Ó ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá kan ọ̀kan, wọ́n á bi í láti inú ilé pé, "Ta ni?" Ó fẹ́ dáhùn, kò sí ẹnu. Á dúró díẹ̀, á tún rìn lọ sí èkejì. Gbogbo ilẹ̀kùn náà ló jọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo jí, eruku igi ti lẹ̀ mọ́ mi létè, Màmá sì ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé, "O fẹ́ dá ẹnìkan lóhùn lójú oorun. Ta ló wá?"

"Kò sẹ́ni tó wá, Màmá."

"Ẹnìkan wá," ni wọ́n wí.

Ohun tó mú kí n pe Bọ̀dá tìbínú tìbínú lọ́jọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí ni pé Màmá jí, wọ́n fi ìka kan apá àga, wọ́n sì tún fi kàn án. Wọ́n ní àtàńpàkò ti ń tòògbé. Ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti jìnnà.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀," mo pariwo sínú fóònù, "ilẹ̀ tó fẹ̀ tó agbègbè kan, ẹ mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ibi tó parí sí. Àwòrán tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹ sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà! Màmá ku ìka kan àti ààbọ̀!"

"Ṣé èmi ni mo ní kí ìka wọn máa sùn ni? Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí?" Ohùn rẹ̀ fọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bàbá mi." Màmá ni. Bí wọ́n ṣe máa ń pe Bọ̀dá nìyẹn láti kékeré. Wọn kò gbé ohùn sókè. "Nígbà tí o rán ìyá mi wá, kí ni o fi sí wọn lẹ́nu?"

"Màmá?"

"Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n máa ń fi nǹkan sí i lẹ́nu tí yóò sọ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni ìyá mi yóò sọ?"

Bọ̀dá wúkọ́. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, Màmá. Ẹ ní ènìyàn kì í gbẹ́rù wọ ilé onílé kí ó tó kí i. Nítorí náà, ìkíni ni mo ń kọ́kọ́ rán. Màá kí wọn dáadáa, màá béèrè gbogbo ará ilé. Bí ìyẹn bá ti lọ tán, màá wá rán Ìyá Àgbà."

Mo dìde dúró. "Lẹ́tà méjì?"

"Lẹ́tà méjì, ṣebí bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ? Ìkíni ṣáájú, ẹrù tẹ̀ lé e."

"Kí lẹ kọ sínú èyí tó gbé ẹrù?"

"Kí ni mo tún fẹ́ kọ? Mo ti kí yín tán."

"Ẹ ò fún un ní àkọlé?"

"Àkọlé kí ni? Ìyá wa nìyẹn! Ṣé wọ́n máa ń kọ orúkọ sí ìyá ẹni lórí ni?"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Màmá wí. Wọ́n ti dijú, ojú tí kò ríran tẹ́lẹ̀. "Wọ́n wá dé ẹnu ọ̀nà láìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Onílé rí àlejò tí kò kíni, ó ní kí wọ́n dúró síta. Ìyá mi wà níta. Wọn kì í fi agbára ti ilẹ̀kùn wọlé. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ ọdún kan, ibẹ̀ ni ẹ ó bá wọn."

Ọwọ́ mi ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ààtàn. Olóògùn irun wà níbẹ̀, ẹlẹ́bùn wà níbẹ̀, ẹnìkan tó ní òun fẹ́ràn mi láti òkè òkun wà níbẹ̀. Láàárín wọn ni àwọn lẹ́tà kan wà tí kò lórí tí kò lẹ́nu, kò sí àkọlé, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú wọn, orúkọ Bọ̀dá nìkan ló wà létí wọn. Àwọn ńláńlá, ti ìgbà tí ó kọ̀ láti dín wọn kù, ẹ̀rọ kò tilẹ̀ gbé wọn débẹ̀. Àwọn tí ó fi ẹ̀bẹ̀ dín kù ni mo bá.

Mo ṣí ọ̀kan. Ìyá Àgbà gbójú sókè wò mí.

Mo ṣí òmíràn. Ìyá Àgbà. Mo ṣí òmíràn. Wọ́n jókòó lẹ́sẹẹsẹ lórí ààtàn, Ìyá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, gèlè kan náà, ẹ̀rín kan náà tí kò tíì pinnu bóyá ẹ̀rín ni, bí àwọn èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀ tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Inú wọn kò bàjẹ́. Wọ́n kàn ń dúró. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé bí mo bá bojú wẹ̀yìn, màá bá wọn lórí bẹ́ǹṣì ìta, wọ́n fi ọwọ́ lé itan.

"Ẹ wọlé, mà," ni mo wí. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Ṣé o rí wọn?" Bọ̀dá kígbe. "Níbo? Ààtàn, àbí? Mo sọ ọ́! Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ̀yin náà lẹ dà wọ́n síbẹ̀. Ẹ pín iyì náà sí méjì."

Mo gbẹ́. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, èmi kò mọ̀ ju pé ìmọ́lẹ̀ ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì lára igi. Mo gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú, ojú mi ń ti ibẹ̀ lọ síbí, ojú Ìyá Àgbà sì ń jáde bí ẹni tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi: iwájú orí ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ètè. Màmá ń sùn, wọ́n ń jí. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á ní, "Wọ́n ti dé ibo?" Màá ní, "Wọ́n ti dé imú, Màmá." Wọ́n á ní, "Ó kù díẹ̀," wọ́n á tún sùn.

Bọ̀dá ń pè lójoojúmọ́. "Ṣé imú wọn jọ tèmi?"

"Ó jọ imú ènìyàn, Bọ̀dá."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, àtàńpàkò sùn. Ìka kan ṣoṣo ló kù.

Mo gbé orí náà lé Màmá lórí itan. Bọ̀dá wà lórí fóònù, kò sọ̀rọ̀, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Màmá na ìka náà. Wọ́n gbé e lé etí gèlè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí, wọ́n yí ojú méjèèjì po pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gba orí imú wá, wọ́n dúró lórí ètè. Wọ́n tún un ṣe látòkè.

"Arẹwà ni," ni wọ́n wí. Wọ́n yí ojú sọ́dọ̀ mi. "Ta ni?"

Bọ̀dá ló dáhùn. "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! O ti gbẹ́ ẹlòmíràn! Ìwọ àti ìwàǹwára ẹ! Gbogbo ohun tí a—"

"Àwòrán tí ẹ rán ni mo gbẹ́! Bí kì í bá ṣe ìyá wa, a jẹ́ pé àna yín lẹ rán wá!"

"Ẹ̀yin ọmọ yìí." Ìka Màmá ti kúrò lórí ètè, ó ń rìn lọ sísàlẹ̀, ó ń wá nǹkan lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí òjìji gèlè bò nínú àwòrán. "Ihò kékeré kan wà níbí. Mo wà lọ́mọdé, mò ń fò lórí itan wọn, eyín mi gún wọn níbẹ̀, àpá rẹ̀ kò sì lọ. Wọn kò lù mí. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ni mo máa ń fi ìka sí kí n tó sùn. Ìka yìí." Wọ́n tì í síwájú, wọ́n dá a padà. "Títí mo fi dàgbà. Nínú òkùnkùn, ibẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ìyá mi ni, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Mo wo abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Mo ti gbẹ́ inú orí náà kí ó lè fúyẹ́ fún wọn. Níbẹ̀ gan-an, igi kò nípọn ju èèpo ọsàn lọ. Ìlà igi sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sókè tààrà, láti àgbọ̀n dé ojú. Ọwọ́ tó bá le jù níbẹ̀ yóò la Ìyá Àgbà sí méjì. Igi bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ó bá sì wà, ìka kò ní dúró dè é.

"Bọ̀dá," ni mo wí, "igi fẹ́lẹ́ níbẹ̀."

Ó ti mọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Báwo ló ṣe fẹ́lẹ́ tó?"

"Ó fẹ́lẹ́."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Ó rẹwà, wọ́n ti ní ó rẹwà. Má ba ohun tí a ní jẹ́."

"Ẹ ò ní nǹkan kan, Bọ̀dá. Igi lẹ ní." Mo mú irin tó kéré jù lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo fi itan wọn ṣe tábìlì. "Màmá, níbo gan-an?"

Wọ́n wá a. Ó pẹ́. Wọ́n kọjá ibì kan, wọ́n padà síbẹ̀, ìka náà sì dúró.

"Ibí."

Mo gbé ẹnu irin sí etí èékánná wọn. Ó kan èékánná náà. Mo mọ̀ pé wọ́n mọ ìtútù rẹ̀ lára, nítorí wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé ìka yín, Màmá."

"Bí mo bá gbé e, mo lè má rí ibẹ̀ mọ́."

"Èmi á rí i."

"Rọra," ni Bọ̀dá ń wí nínú fóònù, "rọra, àbúrò mi, rọra, rọra o—"

"Ẹ panu mọ́, Bọ̀dá."

Màmá gbé ìka wọn sókè. Mo gbé òòlù. Ó sọ̀ kalẹ̀ sórí irin, ó dún: kọ́.